Fírísà Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi Kékeré: Ẹ Ka Bátìrì Kí Ẹ Tó Ra Fírísà

Ẹ̀yin gan-an lẹ bèèrè fún ọ̀rọ̀ tòní. Láti ìgbà tí mo ti fẹnu bà á lẹ́ẹ̀kan pé ìdílé mi jẹ ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja dídì lójú omi fún ọjọ́ mẹ́wàá láìwọ ṣọ́ọ̀bù, ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń wọlé: "Ẹ̀gbọ́n, fírísà wo lẹ rà?"

Ẹ má bínú, n kò ní dárúkọ fírísà kankan lónìí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi pamọ́. Fírísà fúnra rẹ̀ ni apá tó rọrùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ máa sanwó, wọ́n á gbé e wá sílé fún yín, ó parí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ fírísà yẹn ní ọdún àkọ́kọ́, àti ìṣirò kan tí kò ju ti ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ, tó yẹ kí n ti ṣe kí n tó ná kọ́bọ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa: ọkọ̀ onígbòkun ni ọkọ̀ wa, gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 26 lọ, wọ́n sì ti kàn án kí wọ́n tó bí mi. Orí odò Medway ní Kent, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, la ń so ó mọ́. Àwa mẹ́rin la máa ń wà nínú rẹ̀: èmi, Ìyá Ìbejì, àti àwọn ìbejì, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni àgbàlagbà ti lè nàró nínú rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ wọ ṣòkòtò, àwọn yòókù á jáde síta.

Kí a tó ra fírísà, kúlà la ń lò. A ó ra àpò yìnyín mẹ́ta, a ó dà á sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo nǹkan á tutù nini. Lọ́jọ́ kejì, yìnyín ti di omi, ọ̀rá ẹran ti ń jò, omi ẹran ti dà pọ̀ mọ́ omi yìnyín, wàrà àwọn ọmọ sì ń léfòó láàárín rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, sàdíìnì. Lọ́jọ́ kẹrin, sàdíìnì. Nígbà tí ìsinmi ọdún kan parí, Ìyá Ìbejì pè mí jókòó. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, mo fẹ́ràn ọkọ̀ yín yìí. Àmọ́ tó bá jẹ́ sàdíìnì la tún máa jẹ lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ máa dá lọ."

Bí fírísà ṣe wọ ọ̀rọ̀ wa nìyẹn. Mo rà á kí ìdílé mi má baà fi mí sílẹ̀ lórí omi.

Ẹ jẹ́ n yára la nǹkan kan yé yín. Oríṣi ẹ̀rọ méjì ló wà lọ́jà tó jọra lójú. Ọ̀kan jẹ́ kúlà tó ń lo iná, fáànù ló ní, kò ní kọ̀ḿpírẹ́sọ̀. Kò lè sọ omi di yìnyín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí inú ọkọ̀ bá ṣe gbóná sí ni inú tirẹ̀ náà ṣe ń gbóná sí, ó sì ń fa iná tọ̀sán-tòru láìsinmi. Ẹ má ra ìyẹn fún ọkọ̀. Èkejì ní kọ̀ḿpírẹ́sọ̀ gidi bíi ti fírísà ilé, àmọ́ ó kéré, iná bátìrì volt 12 ló ń lò, ó sì máa ń sinmi nígbà tí inú rẹ̀ bá ti tutù tó. Òun ni mo rà: lítà 40, kìlógíráàmù 15 nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ẹ lè gbé e lọ sílé, ẹ fi í sí iná ilé, ẹ tún gbé e padà sínú ọkọ̀. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju bí mo ṣe rò lọ, màá padà síbẹ̀.

Mo gbé e wọ ọkọ̀, mo ki plọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá, mo gbé e sílẹ̀ láàárín ilé ọkọ̀. Iná rẹ̀ tàn, nígbà tó yá ó kọ -18. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, a lọ ju ìdákọ̀ró sí Stangate Creek. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Medway mọ ibẹ̀: ọ̀nà omi tóóró kan tó yà kúrò lára odò ńlá, koríko àbàtà lọ́tùn-ún lósì, kò sí ilé, kò sí iná, ẹyẹ nìkan. Láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dá àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkèèrè dúró sí bí wọ́n bá ń bẹ̀rù pé àjàkálẹ̀ àrùn wà nínú wọn. Lónìí, ibi ìsinmi àwa ọlọ́kọ̀ kékeré ni. Omi òkun máa ń kún, ó sì máa ń fà níbẹ̀. Ní agbègbè Sheerness yẹn, nígbà tí òṣùpá bá lé tuntun tàbí tó bá kún, omi máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní bíi mítà márùn-ún láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọkọ̀ wa ní bátìrì méjì. Ìkíní wà fún ẹ́ńjìnì. Ìkejì wà fún iná, rédíò àti fóònù. Súìṣì pupa ńlá kan ló ń yàn láàárín wọn, ojú mẹ́rin ló ní: 1, 2, BOTH àti OFF. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, BOTH ni mo máa ń yí i sí, kí ẹ́ńjìnì lè rọ agbára sínú bátìrì méjèèjì. Tí a bá ti ju ìdákọ̀ró tán, ó yẹ kí n yí i sí 2, kí ohunkóhun má baà fọwọ́ kan bátìrì ẹ́ńjìnì. Lọ́jọ́ tí a débẹ̀, àwọn ọmọ ń pariwo pé àwọn rí séálì lórí ẹrẹ̀. Mo jáde lọ wo séálì. Súìṣì wà ní BOTH.

Alẹ́ ọjọ́ kìíní, ọbẹ̀ ata àti adìyẹ. Alẹ́ ọjọ́ kejì, ẹja díndín. Ìyá Ìbejì ń rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ti ń ronú ibi tí a ó lọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Alẹ́ ọjọ́ kẹta, nígbà tí aago méjì òru kọjá díẹ̀, ariwo ṣéènì ìdákọ̀ró jí mi. Ó ń dún bí ìgbà tí ará òkè ń wọ́ àga nílẹ̀. Atẹ́gùn ti yí padà, ó sì ti le. Mo yọjú síta. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wa nírọ̀lẹ́ ni mo rí iná rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ìdákọ̀ró wa ti tú kúrò nínú ẹrẹ̀, a ń sún lọ sí bèbè.

Irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀, kò yẹ kó já ènìyàn láyà. Ẹ máa tan ẹ́ńjìnì, ẹ máa wà á padà sáàárín omi, ẹ tún ìdákọ̀ró jù. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Tàk. Mo tún un yí. Tàk. Iná tó wà lókè orí mi pọ́n bí ẹyin iná, ó kú.

Mo nawọ́ sí rédíò tí a fi ń pe àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun. Kò tàn. Àwọn bátìrì kan náà ló ń lò. Fóònù mi ku ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí ihò kan ṣoṣo tí mo fi ń gba iná sí i, fírísà ló wà níbẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta.

Mo sáré lọ síwájú ọkọ̀, mo tú gbogbo ṣéènì tó kù sílẹ̀. Kí ìdákọ̀ró tó rí nǹkan dì mú, ìdí ọkọ̀ ti kan ẹrẹ̀, omi sì ń fà lọ. Ohun tó tẹ̀ lé e kò yára, kò sì ṣeé dá dúró. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó fẹ́ dùbúlẹ̀. Ife bọ́. Ìkòkò bọ́. Àwọn ìwé bọ́.

Ìgbà yẹn ni fírísà gbéra. N kò so ó mọ́ nǹkan kan. Kìlógíráàmù 15 tirẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ tó wà nínú rẹ̀, ó yọ̀ kọjá lórí pákó, ó forí lé ibi tí Kẹ́hìndé sùn sí. Ẹsẹ̀ tábìlì ló dá a dúró. Ohun tó wà láàárín rẹ̀ àti ẹsẹ̀ ọmọ mi kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ.

Ìyá Ìbejì gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níyàwó mọ̀ pé ariwo sàn ju ìyẹn lọ.

A fẹ̀yìn ti ògiri ọkọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Omi padà wá, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ ààbọ̀ ọkọ̀ dìde. Ẹrẹ̀ Medway rọ̀, kò sí ohun tó fọ́ yàtọ̀ sí ife méjì. Ká ní òkúta ló wà níbẹ̀ ni, n kò mọ ohun tí ǹ bá máa sọ fún yín. Bàbá òyìnbó kan láti inú ọkọ̀ kejì wa ọkọ̀ rọ́bà rẹ̀ wá, ó gbé bátìrì àti wáyà dání, ẹ́ńjìnì jí. Kí ó tó lọ, ó fọwọ́ gbá orí fírísà, ó bi mí pé amp-hour mélòó ló ń jẹ lójúmọ́. Mo ní n kò mọ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn mirí, ó lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ ẹni tó mọ fírísà ni mí. Ìyá mi ta áìsì blọ́ọ̀kù àti ẹja Titus ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: wọ́n á mú iná, gbogbo ilé á sì pariwo, "Ẹ má ṣí fírísà o!" Ìyá mi lè gbọ́wọ́ lé ara fírísà kí ó sọ fún yín bóyá ẹja á di ọ̀la. Kò sì ra fírísà rí láì kọ́kọ́ pe ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ṣe, kí ó bi í bóyá jẹnẹrétọ̀ yẹn á gbé e. Èmi tí mo kàwé, plọ́ọ̀gì ni mo kì bọ ihò.

Ó dáa. Ìṣirò náà rèé. Ẹ mú bírò.

Ẹ wo bátìrì bíi dúrọ́ọ̀mù omi. Amp ni bí omi ṣe ń yára jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Amp-hour ni iye omi tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Wọ́n kọ watt 45 sára fírísà tiwa. Ẹ fi volt 12 pín in, ẹ ó rí amp 3.75. Iye tó ń fà nìyẹn nígbà tí kọ̀ḿpírẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Mo wá jókòó tì í pẹ̀lú aago, ohun tó yẹ kí n ti ṣe nílé: ní -18, nínú ọkọ̀ tó gbóná nínú oṣù kẹjọ, ó ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìdajì nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ wákàtí 12 lójúmọ́. 3.75 lọ́nà 12, amp-hour 45. Bí mo bá yí i sí 4, tó wá di fíríìjì lásán, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí bíi 25.

Bátìrì tí a fi ń tan iná jẹ́ 110. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní ó máa gbé fírísà fún ọjọ́ méjì àti ààbọ̀. Rárá o. Bátìrì olójé, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ń lò, ẹ kò gbọdọ̀ fà á kọjá ìdajì bí ẹ bá fẹ́ kí ó pẹ́ lọ́wọ́ yín. Dúrọ́ọ̀mù tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti onílé ni. Ó ku 55. Iná orí òpó, rédíò, fóònù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, gbogbo wọn ń jẹ bíi 10 lójúmọ́. 45 àti 10 jẹ́ 55. Ọjọ́ kan péré. Ọjọ́ kan ni bátìrì mi lè gbé fírísà yẹn, mo sì fi í síbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó mu tirẹ̀ tán, ó gba ọ̀nà BOTH lọ mu ti ẹ́ńjìnì.

Ẹnì kan á ní, ṣé fírísà kò ní ohun tó ń dá a dúró? Ó ní. Ọ̀pọ̀ wọn ní ibi tí ẹ ti máa yan H, M tàbí L, ìyẹn ìwọ̀n volt tí yóò ti pa ara rẹ̀. Tiwa wà ní L nígbà tí mo rà á, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní L, tiwa máa ń fa bátìrì dé bíi volt 10. Bátìrì olójé tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń fi bíi 12.7 hàn. Tó bá dé bíi 12.2, ó ti lo nǹkan bí ìdajì. Ní 10, ẹ gbé e sin. H ló yẹ kí n yàn. Òun náà kò lè ṣọ́ ìdajì yẹn fún yín, àmọ́ ẹ́ńjìnì mi ì bá ní èémí díẹ̀ lóru yẹn. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni.

Ohun tí mo kọ́kọ́ tún ṣe kò kan fírísà rárá. Mo yọ súìṣì BOTH yẹn. Mo ya bátìrì ẹ́ńjìnì sọ́tọ̀, mo fi ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní VSR sáàárín. Tí ẹ́ńjìnì bá ń rọ agbára wọlé, VSR á so bátìrì méjèèjì pọ̀ fúnra rẹ̀. Tí ẹ́ńjìnì bá kú, á yà wọ́n fúnra rẹ̀. Kò sí séálì tó lè mú mi gbàgbé mọ́. Bó bá jẹ́ nǹkan kan péré lẹ máa gbà lẹ́nu mi lónìí, ẹ gba ìyẹn, kí ẹ sì ṣe é kí ẹ tó gbé fírísà wọ ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Mo tún ra rédíò àfọwọ́dìmú tó ní bátìrì tirẹ̀, orí ìkọ́ lẹ́nu ọ̀nà ló ń wà, ikanni 16 ló sì máa ń wà.

Lẹ́yìn náà ni wáyà. Èyí yà mí lẹ́nu. Mo ti ṣe gbogbo ìyẹn tán, bátìrì kún, síbẹ̀ fírísà ń kú, ó ń kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé iná kò tó. Wáyà tó lọ sí ihò sìgá ló tẹ́ẹ́rẹ́, mílímítà onígun 1.5, àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 10. Ní amp mẹ́rin, wáyà yẹn nìkan ń jẹ tó ìdajì volt lójú ọ̀nà. Nígbà tí kọ̀ḿpírẹ́sọ̀ bá sì fẹ́ gbéra, ó ń fà jù bẹ́ẹ̀ lọ, wáyà náà á sì jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó wà lọ́wọ́ bátìrì kọ́ ló ń dé ọwọ́ fírísà. Mo fa wáyà mílímítà 6 tuntun láti bátìrì wá, ohun tó ń sọnù báyìí kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá volt lọ. Mo fi ihò sìgá sílẹ̀ fún fóònù, nítorí plọ́ọ̀gì rẹ̀ máa ń tú bí ọkọ̀ bá ń mì, ó sì máa ń gbóná. Fíùsì amp 15 wà nítòsí bátìrì, kì í ṣe nítòsí fírísà. Bí wáyà bá bó láàárín méjì, fíùsì tó wà ní ìpẹ̀kun kejì kò lè gbà yín, iná á ti ràn. Bí ọkọ̀ bá sì ń jóná, inú omi nìkan lẹ lè sá sí.

Oòrùn ńkọ́? Sólà watt 100, tí a tẹ́ sórí ọkọ̀, máa ń fún wa ní bíi amp-hour 25 sí 30 lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa nínú oṣù kẹfà. A ní méjì. Ẹ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohun tí à ń jẹ dọ́gba. Fẹ́rẹ̀ẹ́ ni mo wí. Nínú oṣù kẹsàn-án kò bá a dọ́gba mọ́, òjìji òpó ọkọ̀ tó bá sì bọ́ sórí sólà kan lè gba ohun púpọ̀ nínú èyí tó yẹ kó mú wá. Bátìrì lithium náà dára, mo rà á lọ́dún kẹta. Nínú 100, ẹ lè lo tó 80 láìbẹ̀rù. Àmọ́ ẹ má so ó mọ́ ẹ́ńjìnì tààrà. Ọ̀nà tó gbà ń gba agbára le débi pé ó lè jó alternator. Ṣájà pàtàkì kan ló ń wà láàárín wọn, ẹ jẹ́ kí oníná ọkọ̀ ṣe ìyẹn fún yín.

Owó? Páùn 260 ni mo ra fírísà. Àwọn nǹkan yòókù, láìka lithium, gbà tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹni tó bá ní owó fírísà nìkan lọ́wọ́, kò tíì ní owó fírísà.

Báyìí, ibi tó ń jókòó sí. Ó wà nílẹ̀, nítòsí àárín ọkọ̀, níbi tí ìwúwo rẹ̀ kò ti ní yọ ọkọ̀ lẹ́nu. Bẹ́líìtì méjì ló dì í mọ́ òrùka irin tí mo fi bóòtù kan mọ́lẹ̀. Mo ti fi gbogbo ara mi tì í wò, kò mì. Mo fi àyè tó fẹ̀ tó ìbú ọwọ́ sílẹ̀ níbi tí ooru rẹ̀ ń gbà jáde. Mo rí ọ̀rẹ́ mi kan tó ki tirẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní ìlẹ̀kùn kí ó lè fín lójú. Ooru tó ń tú jáde ló tún ń padà gbóná sí i lára, kọ̀ḿpírẹ́sọ̀ kò sinmi rárá. Ó fín lóòótọ́.

Mo ní màá padà sórí gbígbé e lọ sílé. Ọjọ́ méjì kí a tó lọ, fírísà wà nínú ilé ìdáná wa, iná ilé ló ń lò. Ìyá Ìbejì á bu ọbẹ̀ sínú ọ̀rá, á tẹ́ wọn pẹlẹbẹ, wọ́n á dì bí ìwé, a ó tò wọ́n lórí ara wọn. Ìgò omi la fi ń dí àyè tó bá ṣẹ́kù. Iṣẹ́ tó ń jẹ iná jù, ìyẹn sísọ nǹkan tó gbóná di yìnyín, ilé ló ti parí. Ohun tó kù fún bátìrì ni kí ó má jẹ́ kó yọ́. Fírísà tó kún ń pa òtútù mọ́ ju èyí tó ṣófo lọ, ìyá mi kò kà á nínú ìwé kankan. Lóru a máa ń da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí rẹ̀, láìdí ibi tí ooru ń gbà. Ẹ̀ẹ̀kan là ń ṣí i lóòjọ́, Ìyá Ìbejì nìkan ló sì ní àṣẹ.

Kúlà àtijọ́ kò lọ síbì kan. Láràárọ̀, ìgò omi kan tó ti dì á kúrò nínú fírísà bọ́ sínú kúlà, òun ló ń mú wàrà àti tòmátò tutù. Èyí tó ti yọ́ á padà sínú fírísà ní ọ̀sán nígbà tí oòrùn wà lórí sólà. Ẹ̀rọ kan ń ṣe iṣẹ́ méjì. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́: ní ìṣirò mi, lítà omi kan tó bá dì ń jẹ tó amp-hour méje tàbí mẹ́jọ. Ẹja tútù náà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbejì fi ìwọ̀ fa mackerel mọ́kànlá sókè nítòsí Ramsgate lọ́jọ́ kan, ìyẹn Titus wa yẹn náà, tí ìyá mi tà. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ sínú fírísà lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jẹ mẹ́jọ.

Ẹ̀yin tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ nìkan lẹ ń lọ sójú omi, ẹ má ra fírísà. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ rà á. Ẹ fi ìgò omi dídì mẹ́rin sínú kúlà tó dáa, á gbé yín dé ọjọ́ kejì, ẹ ó padà sílé. Ẹni tó ń lọ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń ju ìdákọ̀ró dípò kí ó wọ èbúté tó ní iná, òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, a gba ẹnu odò Thames kọjá lọ sí odò Orwell ní Suffolk. Ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́, oòrùn, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà òjò dé, kò sì lọ. A wà lórí ìdákọ̀ró lápá ìsàlẹ̀ Pin Mill, sólà ń fún wa ní bí amp-hour mẹ́jọ lóòjọ́. Mo ń wo nọ́ńbà bátìrì láràárọ̀ bí ẹni ń wo ìwọ̀n ìgbóná ara ọmọ. A pa fírísà láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, kò tó. Mo lè tan ẹ́ńjìnì fún wákàtí mẹ́ta, kí ariwo àti èéfín dí gbogbo odò yẹn lójú nítorí ọbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, mo ní, "Ìyá Ìbejì, mo fẹ́ pa á pátápátá." Ó wo nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ pa á. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ jáde."

A gbé gbogbo rẹ̀ jáde: ẹ̀fọ́ rírò, ọbẹ̀ ata méjì, Titus mẹ́ta, àti dòdò tí n kò mọ̀ pé ó wà nísàlẹ̀. Ó pọ̀ jù fún ènìyàn mẹ́rin. Táyé wa ọkọ̀ rọ́bà lọ pe tọkọtaya àgbà tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa. Wọ́n wá pẹ̀lú búrẹ́dì. Ata mú ìyá náà débi pé ó ní láti jáde lọ dúró sínú òjò, ó sì tún padà wọlé wá bu sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ́ńjìnì dáhùn.

Àwọn ìbéèrè yín nípa ìdákọ̀ró tó ń tú, mo ti rí wọn, ètò tó ń bọ̀ ni màá fi dáhùn. Ó dìgbà náà o.